Ẹnì Kẹta Nínú Ẹni Mẹ́rin

Ẹni mẹ́rin péré ló sá eré náà. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1904 ni, ní pápá Francis Field tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Washington nílùú St. Louis, ìpínlẹ̀ Missouri. Mítà 400 ni wọ́n fẹ́ sá, igi mẹ́wàá ló sì wà lójú ọ̀nà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fò, eré tí wọ́n ń pè ní họ́dù. Ọmọ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn. Harry Hillman, akọ̀wé báńkì kan ní New York, ló kọ́kọ́ dé. Frank Waller tẹ̀lé e. George Varnell ló kẹ́yìn. Ẹni tó ṣe ìkẹta ni George Coleman Poage, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, òun nìkan sì ni aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Tí ọmọ ẹni bá ti ibi inter-house dé tó ní òun ṣe ipò kẹta, ohun tí òbí á kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ẹ̀yin mélòó lẹ sá a?" Bó bá wá dáhùn pé àwọn mẹ́rin ni, a jẹ́ pé ẹ̀rín ló kù. Ṣùgbọ́n àmì ẹ̀yẹ idẹ tí Poage gbà lọ́jọ́ náà ni àkọ́kọ́ tí ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kankan gbà ní Òlíńpíìkì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó tún sá họ́dù mítà 200, ó sì tún ṣe ìkẹta. Hillman náà ló tún gba wúrà, Frank Castleman sì gba fàdákà. Mo fẹ́ kí "ọmọ Amẹ́ríkà" tí mo kọ sókè yẹn dá yín lójú, nítorí mo máa ń rí àwọn tó ń kọ ọ́ pé Poage ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Paris lọ́dún 1900, Constantin Henriquez, ọmọ Haiti, ti bá ilẹ̀ Faransé gbá rugby, àwọn ló sì gba ipò kìíní.

Tobi Amusan ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Poage. Ní oṣù Keje ọdún 2022, nígbà tí ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde yẹn fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá họ́dù mítà 100 nílùú Eugene, tí kò sì sí obìnrin kankan láyé tó tíì sá a kíákíá tó bẹ́ẹ̀ rí, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò rí nǹkan mìíràn kà lórí Facebook. Inú mi dùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìtàn eré náà wò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé. Irú igi tí àwọn àgbẹ̀ fi ń sé àgùntàn mọ́ inú pápá ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń fò kọjá. Igi náà kì í ṣí. Bí ẹsẹ̀ bá kọ́ ọ, èèyàn ló máa lọ sílẹ̀. Ìyẹn ló mú kí àwọn ará ìgbà náà máa fò ó bí ẹni tó ń fo gọ́tà nínú òjò: wọ́n á gbé ara sókè, wọ́n á balẹ̀, wọ́n á dúró ṣinṣin ná, kí wọ́n tó tún máa sáré lọ. Ní 1864 ni Oxford àti Cambridge fi ìdíwọ̀n lélẹ̀, igi mẹ́wàá lórí 120 yáàdì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íńṣì mẹ́fà.

Ẹni tó yí ọ̀nà fífò yẹn padà ni Alvin Kraenzlein. Ó ń na ẹsẹ̀ iwájú tààrà, ó ń tẹ àyà síwájú, ó ń gba orí igi kọjá láìdá eré dúró. Wúrà mẹ́rin ló kó ní Paris lọ́dún 1900. Kí ó tó lọ sí Pennsylvania ló ti kàwé ní Yunifásítì Wisconsin nílùú Madison, ilé-ìwé tí Poage wọ̀ ní 1899. Nítorí náà, bí Poage ṣe ń dé Madison, òkìkí họ́dù ti wà lórí pápá yẹn ṣáájú rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìtàn eré yìí tí mo gbádùn púpọ̀. Igi tí wọ́n tò fún àwọn ọkùnrin mẹ́rin ti St. Louis yẹn, sẹ̀ǹtímítà 76 péré ni. Èyí tí àwọn obìnrin ń fò lónìí nínú mítà 100 ga ní sẹ̀ǹtímítà 84. A jẹ́ pé igi tí Amusan ń fò ga ju ti Poage lọ! Ní òde òní, ti ọkùnrin nínú mítà 400 lé ní 91. Nítorí bí igi 1904 ṣe rẹlẹ̀ yẹn ni wọn ò fi ka ìṣẹ́jú àáyá 53.0 tí Hillman sá sí ohun tó yẹ kí wọ́n kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ìṣẹ́jú àáyá 55.0 tí Charles Bacon sá nílùú London ní 1908 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ẹ ò rí i pé ẹni tó kó wúrà mẹ́ta wálé lọ́dún kan náà gan-an kò gbádùn iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ká má tíì wá sọ ti ẹni tó ṣe ìkẹta.

Odò Mississippi ni mo fi ń to ìgbésí ayé Poage ní orí mi. Ìlú mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù fún un, etí odò yẹn ni gbogbo wọn wà. Hannibal ní Missouri ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1880, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí òwò ẹrú parí ní ìpínlẹ̀ náà. Àwọn òbí rẹ̀ kó ẹrù, wọ́n sì lọ sí La Crosse ní Wisconsin, lápá òkè odò, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ kékeré. Àwọn aláwọ̀ dúdú kò tó nǹkan níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀, Annie, gba iṣẹ́ ilé lọ́dọ̀ ìdílé olówó kan tí wọ́n ń pè ní Easton, ilé náà ni àwọn ọmọ sì ń gbé. Ẹni tó bá ti gbé inú ilé olówó gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìránṣẹ́ rí mọ̀ pé ohun méjì ló máa ń ti ibẹ̀ wá: ìtìjú, tàbí kí èèyàn fojú jí nǹkan kó. Ní tirẹ̀, ilé tí ìwé wà ni, ó sì kà wọ́n.

Nígbà tó fi máa di 1899, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jáde ní ilé-ìwé girama La Crosse. Ipò kejì ló ṣe nínú kíláàsì rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilé lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa rẹ̀, ọjọ́ yìí ni ì bá wù mí kí n wà níbẹ̀, ọmọ ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ilé, tó dìde dúró, tí àwọn ọmọ olówó jókòó tí wọ́n ń gbọ́ ọ.

Ó tẹ̀síwájú sí Madison. Ẹ̀kọ́ ìtàn ló kọ́, ó sì gba oyè ní 1903. Àwọn tó ń kọ nípa rẹ̀ sábà máa ń sáré kọjá lórí àpilẹ̀kọ tó fi gba oyè yẹn kí wọ́n lè dé orí pápá. Ọ̀rọ̀ ajé àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìpínlẹ̀ Georgia ló ṣèwádìí lé lórí, láti 1860 títí dé 1900. Ẹ wo àwọn ọdún yẹn dáadáa. Ní 1860, ẹrú ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní Georgia. Ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀ yìí jókòó sínú òtútù Wisconsin, ó ń ṣírò ohun tí àwọn ẹrú náà àti ọmọ wọn ti ní, àti ohun tí wọn kò ní, láàárín ogójì ọdún. Ẹni tó bá yan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí kò sí ẹni tó fi ipá mú un, ti mọ ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún.

Ó sì ń sáré lọ ní gbogbo àkókò yẹn. 440 yáàdì àti họ́dù kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù. Lẹ́yìn tó gba oyè, ó padà wá gba ẹ̀kọ́ sí i fún ọdún kan, ẹ̀ka eré ìdárayá yunifásítì sì gbà á síṣẹ́ láti máa tọ́jú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn. Ọdún yẹn, 1904, ló borí nínú 440 yáàdì àti họ́dù 220 yáàdì níbi ìdíje àjọ àwọn yunifásítì tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Big Ten. Kò sí aláwọ̀ dúdú tó tíì dá borí níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Milwaukee Athletic Club, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun, wá gbà á kó máa wọ aṣọ wọn sáré. Frank Waller tó ṣe ipò kejì ní St. Louis, ọmọ ẹgbẹ́ yẹn ni òun náà, nítorí náà ẹni tó wà níwájú Poage lọ́jọ́ náà kì í ṣe àjèjì sí i.

Ọ̀rọ̀ St. Louis nìyí, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ síbẹ̀.

Chicago ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní Òlíńpíìkì 1904. St. Louis ló fà á mọ́ wọn lọ́wọ́ nítorí ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́dún náà, wọ́n wá sọ eré náà di ọ̀kan lára ohun ìwòran ìpàtẹ. Láti oṣù Keje dé oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń bá a bọ̀. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ ojú omi wọ́n, àwọn ará Yúróòpù kò wá púpọ̀. Nínú bí eléré 650, àwọn tó ju 500 lọ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Èyí ló fà á tí ẹni mẹ́rin fi sá ìparí họ́dù, tí gbogbo wọn sì jẹ́ ọmọ ìyá kan.

Nínú ìpàtẹ náà, wọ́n kó èèyàn wá fún èèyàn wò. Wọ́n kó àwọn Igorot láti Philippines, wọ́n kó àwọn Ainu láti Japan, wọ́n kó àwọn Mbuti láti Kóńgò. Ota Benga, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n wá gbé sínú ilé ẹranko ní New York ní 1906, wà lára wọn. Ní ọjọ́ 12 àti 13 oṣù Kẹjọ, wọ́n ní kí àwọn èèyàn wọ̀nyí wá sáré, kí wọ́n fò, kí wọ́n ju ọ̀kọ̀, kí àwọn onímọ̀ lè fi wọ́n wé aláwọ̀ funfun. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní òfin eré kan dáadáa. Nígbà tí wọn kò sáré tó bí eléré tó ti fi ọdún gbára dì, àwọn olùṣètò ní ẹ̀rí ti délẹ̀ nìyẹn. Inú máa ń bí mi tí mo bá dé ibí yìí nínú ìtàn náà, mi ò sì ní díbọ́n bí ẹni pé kò bí mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì àti díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn Áfíríkà méjì kan fi ẹsẹ̀ dá wọn lóhùn. Ọmọ Tswana láti gúúsù Áfíríkà ni Len Taunyane àti Jan Mashiani. Eré ogun Boer tí wọ́n ń ṣe fún àwọn òǹwòran ló gbé wọn dé ìpàtẹ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ, wọ́n wọ inú máratọ́ọ̀nù. Ẹni méjìlélọ́gbọ̀n ló gbéra nínú ooru àti eruku, mẹ́rìnlá ló parí rẹ̀. Taunyane ṣe ìkẹsàn-án, Mashiani ṣe ìkejìlá, wọ́n sì ní ajá ló lé Taunyane kúrò lójú ọ̀nà, ì bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni Poage gba idẹ. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra wọn, ní ìlú kan náà. Mi ò mọ ìdí tí àwọn tó ń kọ ìtàn Òlíńpíìkì kì í fi í to ìtàn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Àwọn aṣáájú aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ti ní kí àwọn èèyàn wọn má lọ síbẹ̀. Wọ́n ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ní ibi ìpàtẹ àti ní ibi ìjókòó òǹwòran, àwọn aṣáájú sì sọ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ fún irú àríyá bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà. Ká ní mo wà láyé nígbà yẹn, ó ṣeé ṣe kí n wà lára àwọn tó máa sọ bẹ́ẹ̀, kí n sì tún bú ẹni tó bá lọ. Poage lọ. Ó sá mítà 60, kò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Ó sá mítà 400, ó ṣe ìkẹfà. Ó wá sá họ́dù méjèèjì tí mo ti sọ.

Ṣé ó ṣe dáadáa bó ṣe lọ? Ọ̀pọ̀ ló ń fi àmì ẹ̀yẹ dáhùn ìbéèrè yìí: ó kúkú gba idẹ méjì, ó di ẹni àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ká ní ó ṣe ìkẹrin ńkọ́? Ẹ sì tún wò ó, 1904 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni mẹ́ta ní wúrà, fàdákà àti idẹ. Ní Athens ní 1896, fàdákà ni wọ́n fún ẹnì kìíní, bàbà ni wọ́n fún ìkejì, afẹ́fẹ́ lásán ni ìkẹta gbé lọ sílé. Bí òfin ọdún mẹ́jọ ṣáájú bá ṣì wà nílẹ̀, kò ní sí àmì kankan lọ́wọ́ Poage, a kì bá sì máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí. A kò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dájọ́ èèyàn.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn eré ni èmi fi ń dáhùn. Kò padà sí Wisconsin níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. St. Louis yẹn gan-an ló dúró sí, ìlú tó ya àwọn èèyàn rẹ̀ sọ́tọ̀, ó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé Sumner, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Sumner, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1875, ni ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ fún ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ìwọ̀ oòrùn odò Mississippi. Ó kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ wọn ní eré sísá. Ìlú tí àwọn aṣáájú ní kó má lọ ṣe àríyá fún ọjọ́ díẹ̀, ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá bá àwọn ọmọ ibẹ̀ jókòó. Àwọn tó pe ìpè pé kí wọ́n má lọ, ohun tí wọ́n ń jà fún ni kí ayé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn dára. Poage kò gbọ́ ìpè wọn, síbẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló ṣe. Nítorí náà, mi ò lè bá a wí. Ẹni tó kàn ló mọ̀.

Ní 1914 ó fi Sumner sílẹ̀. Ó lọ ṣe àgbẹ̀ díẹ̀ ní Minnesota, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Ní nǹkan bí 1920 ó dé Chicago, ó ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ, nígbà tó sì di 1924 ó wọ iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Ibẹ̀ ló wà fún bí ọgbọ̀n ọdún.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹni tó gba oyè yunifásítì, tó gba idẹ méjì ní Òlíńpíìkì, lẹ́tà ló wá ń ṣà! Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹkún yẹn, nítorí ó wà lẹ́nu àwa Yorùbá náà. Bí ọmọ bá kàwé jáde tí kò jókòó sí ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá á máa fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Kí ló ń ṣe báyìí gan-an?" Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pósítọ́fíìsì ní Chicago nígbà yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, ìdánwò ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, owó oṣù rẹ̀ kì í yẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì sì wà nídìí rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó gba aláwọ̀ dúdú tó kàwé kì í gbà wọ́n, nítorí náà àwọn tó gba oyè pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣa lẹ́tà. Iṣẹ́ yẹn náà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Láti 1914 ni ìjọba ti ní kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ ìjọba fi fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìwáṣẹ́, gbogbo wa sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi fọ́tò wò. Poage wọlé, ó sì dúró títí tó fi fẹ̀yìn tì. Tí a bá fẹ́ sunkún, ẹ jẹ́ ká sunkún lórí àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn. Ọkùnrin náà kò ṣe ohun tí a lè káàánú rẹ̀ sí.

Ó dàgbà, ó rí nǹkan. Ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí Jesse Owens kó wúrà mẹ́rin ní Berlin ní 1936. Ó wà láyé nígbà tí Wilma Rudolph gba mẹ́ta ní Rome ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira. Kò dúró dé 1964, nígbà tí Nojim Maiyegun fi ẹ̀ṣẹ́ gba idẹ ní Tokyo, àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè wa, ó sì jẹ́ idẹ bíi tirẹ̀, lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún géérégé. Chicago ni Poage kú sí ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1962, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Wisconsin kọ orúkọ rẹ̀ sí ara àwọn eléré wọn tó lókìkí ní 1998, ọdún mẹ́rìndínlógójì lẹ́yìn ikú rẹ̀. La Crosse náà ti sọ ọgbà ìgbafẹ́ kan ní orúkọ rẹ̀, wọ́n sì gbé ère rẹ̀ síbẹ̀. Ó dáa. Eléré ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀ ní ibi méjèèjì, wọn kò sì parọ́. Tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ ọkùnrin yẹn wà kó yà sí Sumner. Ilé-ìwé yẹn kò dá àṣà eré dúró lẹ́yìn tó lọ. Dick Gregory, aláwàdà tó di ajìjàgbara, sáré fún wọn nígbà tó wà níbẹ̀. Ní 1961, ọdún kan kí Poage tó kú, ọmọ Virginia kan tó ń gbá tẹ́níìsì parí ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ ní Sumner. Arthur Ashe ni wọ́n ń pè é.